Àbọ̀ ọ̀rọ̀ eyín Màámi: ẹnu wọn ti san

Ẹ kú àdúrótì o. Ní oṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ síbí pé Màámi, ẹni ọdún 74, kò lè jẹ ju ẹ̀kọ mímu lọ mọ́, pé òkè ẹnu ń ta wọ́n lábẹ́ eyín àtọwọ́dá, àti pé ilé ìwòsàn kan ní Yábà ní àgbà ló dé.

Kì í ṣe àgbà rárá. Dókítà eléyín tá a lọ bá ní Súrùlérè ní kí wọ́n bọ́ eyín náà. Òkè ẹnu ti pọ́n bí ata! Màámi ń fi í sùn lóròòru, abẹ́ rẹ̀ ni àìsàn ti ráyè. Wọ́n fún wa lóògùn. Ní báyìí, a ń bọ́ ọ lálẹ́, a ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ lásán fọ̀ ọ́ (ọṣẹ ìfọyín máa ń ha á lára), a sì ń rì í sínú omi tí kò gbóná.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tún máa ń mú ẹnu gbẹ, bẹ́ẹ̀ itọ́ ló ń dáàbò bo eyín. Ẹ má dá oògùn dúró o, dókítà ni kẹ́ ẹ sọ fún.

Ẹni tó béèrè bóyá àtọ̀gbẹ máa ń ba èrìgì jẹ́: òótọ́ ni, ó máa ń bà á jẹ́, èrìgì tí kò dá sì máa ń mú kí ṣúgà ṣòro láti kápá.

Lánàá, Màámi jẹ ṣàkì. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣeun gan-an, mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí.