Ọkọ́ kì í ṣe ọmọ ọkọ

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi níbí ní Abẹ́òkúta sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé inú "ọkọ" ni "ọkọ́" ti jáde. Ó ní ọkùnrin ló ń roko láyé àtijọ́, ni irin ọwọ́ rẹ̀ bá gba orúkọ mọ́ ọn lára. Àwọn tó wà níjókòó pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin ará, torí ohùn ọ̀rọ̀ náà kò gbà fún un.

Ẹ fi ẹnu yín dán an wò. "Ó lọ́kọ": obìnrin náà ti wà nílé ọkọ. "Ó lọ́kọ́": irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa lọ sóko. A ti pa fáwẹ́lì "ní" jẹ nínú méjèèjì, síbẹ̀ ohùn òkè tó gbẹ̀yìn ọkọ́ kò mira. Ẹ gbé e dé "ẹ̀rúkọ́", igi tí a fi ń di ọkọ́ mú, ẹ óò tún bá ohùn òkè yẹn níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ kan ló bí òmíràn gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ohùn tuntun ti wá. Àbí ọkọ náà ló bí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tó tún bí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù?

Ẹlòmíràn ní inú "kọ ebè" ló ti wá. Èyí sàn jùyẹn lọ, torí iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe lóko ló wò. Ṣùgbọ́n ohùn àárín ni "kọ" yìí ní. Ẹ wo "dẹ" tó di "ọdẹ", ohùn àárín kò yí padà. Ẹ wo "kú" tó di "òkú", ohùn òkè dúró síbi tó wà. Bí "kọ" bá gba ọ̀nà kan náà, "ọkọ" ni yóò dà, a ó sì tún padà sílé ọkọ.

Ohun tí mo gbà ni pé ìpìlẹ̀ ni ọkọ́, bíi omi àti igi. Kò sóhun tó burú nínú ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé tú. Àdá yàtọ̀: "dá" inú "dá oko" bá a mu ní ohùn àti ní iṣẹ́, ẹni tó bá tú u bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ àtakò lẹ́nu mi.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá kò jìnnà. Ìlú yìí ni Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, kó tó di pé ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ní tirẹ̀ lédè wa. Síbẹ̀ lónìí, mo rí pátákó kan nítòsí Kútọ̀ tó kọ "oko ati ada" láìsí àmì kankan. Ó dùn mí. Ọmọ tó bá ń ka irú èyí lójoojúmọ́ yóò gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni oko, ọkọ àti ọkọ́.

Ó ku àbá pé ká máa pe ṣọ́bìrì ní "ọkọ́ ìkóyẹ̀pẹ̀". N kò fara mọ́ ọn. Ojú ọkọ́ kọjú sí ẹni tó ń ro. Ẹni náà á bẹ̀rẹ̀, á ṣá a sílẹ̀, á fà á mọ́ra. Ṣọ́bìrì ńkọ́? Òòró lèèyàn ń dúró lò ó, á tì í síwájú wọnú yẹ̀pẹ̀, á gbé e sókè, á dà á nù. Àyálò láti inú "shovel" Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti di tiwa: a sọ "v" rẹ̀ di "b", a fi fáwẹ́lì parí rẹ̀ bí èdè wa ṣe ń fẹ́. Kò sí bíríkìlà tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kó gbé ọkọ́ ìkóyẹ̀pẹ̀ wá, ọkọ́ ni yóò gbé wá fún yín.