Àfòpiná kékeré wo ló wà nínú àgbàdo mi yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògì ni mò ń ṣe tà ní Múṣin, àgbàdo tí mo kó pamọ́ sínú àpò sì ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá ti tú ẹnu àpò, àfòpiná wẹ́wẹ́ á fò jáde. Wọn ò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Àwọ̀ wọn dà bíi koríko gbígbẹ láti orí dé ìdí, irun wẹ́wẹ́ sì wà létí ìyẹ́ wọn.

N ò rò pé Plodia interpunctella, irú àfòpiná kan tó kárí ayé, ni. Ìyẹ́ tìyẹn pín sí méjì: apá tó sún mọ́ orí funfun díẹ̀, ìyókù pọ́n bíi bàbà. Ìdin rẹ̀ sì máa ń ta òwú bíi ti aláǹtakùn sórí oúnjẹ, n ò sì rí òwú kankan. Ihò róbótó ni mò ń rí lára hóró, inú rẹ̀ á ti ṣófo. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura sí Sitotroga cerealella, irú àfòpiná mìíràn tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú hóró títí á fi di àfòpiná. Òun náà wọ́pọ̀ nílẹ̀ olóoru.

Mo ti sá a sóòrùn, mo ti fi asẹ́ kù ú, mo ti da ata gbígbẹ sí i. Wọ́n ṣì ń jáde. N kò ní fi oògùn apakòkòrò sí i láéláé, ọmọ ọwọ́ ló ń mu ògì yìí.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́: ṣé Sitotroga ni lóòótọ́? Kí ló sì lè pa ìdin tó ti wọnú hóró, ṣé kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ ni àbí fìrísà, ọjọ́ mélòó ni kí n sì fi í síbẹ̀?