Ẹ̀jẹ̀, itọ́, ìtọ̀, irun: èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú tẹ́ẹ̀sì cortisol?

Àbẹ̀ní: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí mi ò rí oorun sùn dáadáa, ó dẹ̀ ń rẹ̀ mí ṣáá bí ẹni tó la igi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ni dókítà bá ní kí n lọ gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n wo cortisol, họ́mọ̀nù tó máa ń pọ̀ lára èèyàn tí wàhálà bá pọ̀. Rìsọ́ọ̀tì jáde, 780. Ọ̀rẹ́ mi tóun náà ti ṣe é rí, 15 péré ni tiẹ̀! Àyà mi já. Mo wá fowó ara mi ṣe ti itọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n ní kò sí ìṣòro kan níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, láàbù wo ló ń parọ́ fún mi?

Ìyá Ṣèyí: ito lo daju ju jare. ito wakati 24 ni won ni ki n gba

Bàbá Ìbejì: Ito èwo mà? Ti ẹnu àbí ti ìsàlẹ̀? Ẹ fi àmì sí i kí àǹtí yìí má lọ tutọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì fún odindi ọjọ́ kan 😂

Ìyá Ṣèyí: Ti ìsàlẹ̀ ni o, ìtọ̀. Èyí téèyàn bá kọ́kọ́ tọ̀ láàárọ̀, dànù ni, lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ẹ̀ ló máa wọ inú kẹ́ẹ̀gì títí dé ti àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá Láàbù: Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà yẹn. Tiyín á jẹ́ nmol/L, ti ọ̀rẹ́ yín á jẹ́ µg/dL, òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. 1 µg/dL tó nǹkan bíi 27.6 nmol/L, torí náà 15 tiẹ̀ ń lọ sí 414. Tiyín ga ju tiẹ̀ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìlọ́po méjì pàápàá. Cortisol dẹ̀ máa ń ga láàárọ̀ fún gbogbo èèyàn, pàápàá bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn téèyàn bá jí, á wá máa relẹ̀ títí di òru. Ẹ dákun, ṣé ẹ ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí?

Àbẹ̀ní: Haa. Bẹ́ẹ̀ni, èyí tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Dókítà ò bi mí, èmi náà ò sọ.

Bọ̀dá Láàbù: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Cortisol inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ju àádọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jókòó sórí purotéènì bí èrò inú ọkọ̀, ìwọ̀nba tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń ṣiṣẹ́ lára. Estrogen, họ́mọ̀nù obìnrin tó wà nínú oògùn yẹn, máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ pèsè ọkọ̀ sí i, èrò á wá pọ̀. Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ń ka èrò ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń wọ inú itọ́, ti ìtọ̀ náà sì fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Láàbù méjèèjì lè má parọ́ o.

Tísà Àgbà: Irun ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó máa ń sọ ti oṣù tó ti kọjá.

Bọ̀dá Láàbù: Ó ń sọ ọ́ sà. Irun máa ń hù tó sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, torí náà 3 cm tó sún mọ́ awọ orí, lẹ́yìn orí, ń sọ nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Àwọn olùwádìí ló ń lò ó jù, dókítà kì í sábàá fi mọ àìsàn, ẹni tó bá dẹ̀ ń pa irun láró, tiẹ̀ lè yí.

Àbẹ̀ní: Ṣé kí n dá oògùn dúró ni? Ẹ̀rù dẹ̀ ń bà mí, mo fọ eyín kí n tó gba itọ́ yẹn.

Bọ̀dá Láàbù: Ẹ má dá a dúró fúnra yín, dókítà ló máa sọ, fún àwọn tẹ́ẹ̀sì kan ó lè ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ti eyín, ohun tá à ń bẹ̀rù ni kí èrìgì ṣẹ̀jẹ̀ sínú itọ́, ìyẹn ń gbé nọ́ńbà sókè ni, tiyín ò dẹ̀ lọ sókè. Tẹ́ ẹ bá máa tún un gbà, wọ́n sábà máa ń fẹ́ ti òru méjì, kẹ́ ẹ má jẹun, kẹ́ ẹ má fọ eyín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kẹ́ ẹ má sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ fi pa ìpara hydrocortisone (cortisol náà ni) kan òwú tí wọ́n fi ń gba itọ́, àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyẹn.

Àbẹ̀ní: Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀la ni mo ń padà lọ bá dókítà, mo ti ya fọ́tò páálí oògùn náà. Ìyá Ṣèyí, ẹ bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn pa mọ́ ná 😂