Ṣé iná ara aṣọ nígbà ọyẹ́ àti iná inú wáyà jẹ́ ọ̀kan náà?

Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì: Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, tí mo bá ń bọ́ aṣọ náílọ́ọ̀nù nígbà ọyẹ́, ó máa ń ta páápáá, ó sì ń tàn nínú òkùnkùn. Ṣé irú iná tó ń tan gílóòbù nìyí?

Olùkọ́ físíìsì, Ìkéré-Èkìtì: Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn èérún tín-ín-tìn-ín inú átọ́ọ̀mù tó ń gbé iná, ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Nígbà tí aṣọ bá ń ra ara, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan máa ń kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn, wọn yóò sì dúró síbẹ̀, nítorí náílọ́ọ̀nù kì í jẹ́ kí wọ́n rìn, ọ̀rinrin tí ì bá sì gbé wọn lọ kò sí nígbà ọyẹ́. Nínú wáyà bàbà, ṣíṣàn ni wọ́n ń ṣàn, níwọ̀n ìgbà tí ojú ọ̀nà wọn bá yípo pé, tí bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ sì ń tì wọ́n.

Òbí kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì: Ẹ ṣé, sà. Mo gbọ́ pé ti aṣọ lè ju 1,000 fólítì lọ. Kí ló dé tí 230 fólítì ilé fi ń pani?

Olùkọ́ físíìsì, Ìkéré-Èkìtì: Ìbéèrè gidi nìyẹn, mà. Fólítì ni ìwọ̀n agbára tó ń ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àmọ́ iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kó jọ sára aṣọ kéré gan-an, ó sì ń tán lójú ẹsẹ̀. Ti ilé kì í tán, yóò máa ṣàn gba ara kọjá títí a ó fi pa súìsì.