Ilé ìkàwé ìlú wa: ṣé ká fi igi kọ́ ọ, àbí ká má dán an wò?

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ kúulé o. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìkàwé tí a fẹ́ kọ́ ní Òmù-Àrán. Búlọ́ọ̀kù la ti ń rò bọ̀, àfi bí ọmọ ìlú kan tó wà ní Sweden ṣe fi fọ́tò Sara Kulturhus ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ìlú Skellefteå ló wà, 2021 ni wọ́n ṣí i. Ilé alájà ogún, igi ni òpó, igi ni ògiri, ilé ìkàwé àti tíátà wà nínú ẹ̀. Àtọjọ́ náà ni ìpàdé wa ti dàrú. Àwọn ọ̀dọ́ ní igi la máa fi kọ́ tiwa. Àwọn bàbá ní ṣé ikán la fẹ́ kọ́lé fún ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ igi, ṣé ó ṣe é ṣe níbí? Irú igi wo? Iná ńkọ́?

Káfíńtà Ìlọrin:
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Iṣẹ́ igi ni mo fi tọ́ ọmọ. Ẹ fi ilé alájà ogún yẹn sílẹ̀ ná. Pákó ni wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀, tí ìpele kan dábùú èkejì, títí tó fi di ògiri. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò sí nítòsí wa. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé onílé ilẹ̀? Kí ló dé!

Ikán kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀rù. Omi ni. Igi tó gbẹ, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í jẹrà. Ìdí òpó ni mo ti ń rí wàhálà jù, níbi tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì fi símẹ́ǹtì bò ó bí òkú. Òjò á rọ̀, omi á jókòó síbẹ̀, kò ní rọ́nà jáde. Ẹ gbé ìpìlẹ̀ kọnkéré sókè dé orókùn, ẹ fi bàtà irin sábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kí òrùlé sì yọ jáde dáadáa kí òjò má baà na ògiri. Ìpìlẹ̀ gíga yẹn náà ló máa tú àṣírí ikán: àfi kó mọ ọ̀nà ẹ̀ gba ojúta gòkè, ẹni tó ń gbálẹ̀ á sì rí i.

Pákó tútù tún wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn án bó ṣe ti sọ́míìlì dé, ọyẹ́ á dé, á ká, á là, ìṣó á máa yọ. Ẹ rà á ní báyìí, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn, ẹ tò ó síbi tí òjò ò dé, kó rí ọyẹ́ kan kọjá. Mo mọ̀ pé owó ìlú kì í fẹ́ jókòó lásán. Ìjà yẹn, ẹ̀yin lẹ máa jà á nípàdé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ gé àpá fún yín. Igi gidi ni, mi ò jiyàn, àmọ́ àwọn agégi àtàwọn elédùú ti fojú ẹ̀ rí màbo. Tíìkì tí wọ́n gbìn ni kẹ́ ẹ fi ṣe òpó, gmelina fún inú ilé àti òrùlé. Tẹ́ ẹ bá gé méjèèjì, kùkùté wọn á tún rú. Ẹ rẹ gmelina sínú omi borax, ìyẹn ìyẹ̀fun tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ igi, àmọ́ inú ilé nìkan ni, torí òjò máa ń fọ̀ ọ́ dànù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti lò, tí wọ́n máa ń fi kun igi, ẹ má gbé e débi tí ọmọdé ti ń kàwé o.

Ìyá Onípákó:
Bàbá Káfíńtà, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n tíìkì tó tọ́, àwọn tó ń kó o lọ sí India ló ń kọ́kọ́ ṣà á. Ẹ tètè bá ẹni tó gbìn ín sọ̀rọ̀, ẹ má dúró de ọjà. Ẹ mú téèpù tiyín dání pẹ̀lú. Mò ń tà á, mo sì ń sọ ọ́: èyí tí wọ́n ń pè ní 2 by 4, ìyẹn ínṣì méjì sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni kò pé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ayàwòrán-ilé:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti iná. Igi tó nípọn máa ń di èédú látìta wá, bíi mílímítà 0.7 ní ìṣẹ́jú kan. Tí iná bá jó o fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ló máa jẹ lójú kọ̀ọ̀kan, inú ẹ̀ á ṣì gbé ilé ró. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ orí òrùlé wa ni kì í dúró. Torí náà, òpó díẹ̀ tó sanra sàn ju púpọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ẹ ní kí ẹnjiníà yín wo NCP 2, ìlànà ìfigikọ́lé ti Nàìjíríà tó jáde ní 1973. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín igi wa sí ìsọ̀rí agbára, láti N1 dé N7.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, báwo la ṣe máa mọ̀ pé pákó ti gbẹ? A ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó.

Káfíńtà Ìlọrin:
Ẹ sàmì sí pákó mélòó kan láàárín òkìtì, kì í ṣe tòkè. Àwọn kan náà ni kẹ́ ẹ máa gbé sórí òṣùwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ìwọ̀n wọn ò bá dín mọ́, ẹ pe káfíńtà.