Windows 10 ti dópin: kí la máa ṣe sí láptọ́ọ̀pù àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù Core i5 ìran keje, RAM 8GB, kò gba Windows 11. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Èsì 1: Má jù ú nù o! Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró, ẹ̀rọ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Àtúnṣe tó ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé ló dáwọ́ dúró. Láti wo TPM, ìyẹn ohun ààbò inú ẹ̀rọ tí Windows 11 ń béèrè ìran 2.0 rẹ̀, tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, kọ tpm.msc. Bó tiẹ̀ fi 2.0 hàn, ọ̀pọ̀ ṣíìpù Intel ìran keje bíi tìrẹ ni kò sí lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀rọ tó ṣì le koko ni wọ́n ń sọ di pàǹtí.

Èsì 2: Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ni kó o fi sí i. Wá fláàṣì 8GB, kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò, torí Rufus, ètò tó ń kọ Mint sórí fláàṣì, á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kó fáìlì inú láptọ́ọ̀pù náà pamọ́ síbòmíràn. Kọ́kọ́ dán Mint wò látorí fláàṣì: Wi-Fi ńkọ́, ohùn ńkọ́? Wi-Fi tí ilé iṣẹ́ Broadcom ṣe ló sábà máa ń ṣorí kunkun. So fóònù mọ́ ọn pẹ̀lú okùn USB kó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì, kó o wá ṣí Driver Manager, ibi tí Mint ti ń wá ètò tó ń mú Wi-Fi ṣiṣẹ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Fáìlì Excel mi ńkọ́?

Èsì 2: LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó dà bíi Microsoft Office, á ṣí i. Àwọn macro, ìyẹn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nínú fáìlì, lè má ṣiṣẹ́ dáadáa.