Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwa nìkan ni Kristẹni láàárín àwọn aládùúgbò Híńdù ní Pune

Ìyá Ọlọ́mọmẹ́ta:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá sí Pune ní Íńdíà, oṣù kẹta la wà yìí, àwa méjèèjì àtàwọn ọmọ mẹ́ta, àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 11, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ilé alájà là ń gbé, fúláàtì mẹ́rin ló wà lórí àjà tiwa, Híńdù ni gbogbo àwọn tó kù. Mi ò bà wọ́n lórúkọ jẹ́ o, wọ́n kó wa mọ́ra gan-an. Lọ́jọ́ tá a dé tí omi ò yọ lẹ́rọ, màmá tí ilẹ̀kùn wọn dojú kọ tiwa ló gbé omi fún wa, àwọn ọmọ mi ń pè wọ́n ní Aaji, ìyẹn ìyá àgbà lédè Marathi tí wọ́n ń sọ níbí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Aaji kanlẹ̀kùn, wọ́n gbé abọ́ irin pẹlẹbẹ kékeré kan dání, nǹkan dídùn róbótó méjì wà nínú ẹ̀, bọ́tà ṣì ń dán lára ẹ̀. Kí n tó nu ọwọ́ mi jáde látilé ìdáná, àbíkẹ́yìn mi ti ju ọ̀kan sẹ́nu. Aaji ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé "prasad, prasad". Ọkọ mi ló wá ṣàlàyé fún mi pé oúnjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú òrìṣà kí wọ́n tó pín in ni. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó tún ku àwọn míì. Ọdún Ganpati, òrìṣà wọn tó ní orí erin, ti ń sún mọ́lé, àwọn tó ń darí ilé wa ti ń gbé rìsíìtì kiri kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan dáwó. Ọmọ mi kejì ti iléèwé dé pẹ̀lú ẹ̀tù pupa níwájú orí. Ẹja gbígbẹ tí mo sè ní Sátidé, ẹnì kan ti lọ fẹjọ́ sùn pé òórùn ẹ̀ gba gbogbo orí àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé láàárín wọn rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Mi ò fẹ́ sẹ́ Jésù, mi ò sì fẹ́ fi ìwọ̀sí kan màmá yìí.

Bọ̀dá Bengaluru:
Ìyá wa, ẹ kú ìdààmú. Ọdún 9 ni mo lò ní Bengaluru ní Íńdíà níbẹ̀, irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́sẹ̀ kìíní gan-an. Ti ọmọ tó ti jẹ ẹ́, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn, ọmọ ọdún 4 ò bọ òrìṣà kankan, nǹkan dídùn ló rí tó jẹ. Èyí tó ń bọ̀ ló yẹ ká sọ. Ẹ ṣí 1 Kọ́ríńtì 10, ẹ kà á láti ẹsẹ 25 dé 28, àfi bíi pé ẹnu ọ̀nà yín ni Pọ́ọ̀lù dúró sí tó fi kọ ọ́: ohun tí wọ́n bá gbé síwájú yín ẹ jẹ ẹ́ láìbéèrè, àmọ́ tẹ́nì kan bá ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé wọ́n ti fi bọ òrìṣà, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí ẹni tó sọ ọ́. Aaji ti sọ ọ́. Torí náà ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó gbé òmíì wá, ẹ má dúró dìgbà tí abọ́ bá ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ èèwọ̀ oúnjẹ yé tó àwọn Híńdù. Òmíì wà nínú wọn tí kì í fẹnu kan àlùbọ́sà àti aáyù, òmíì ò jẹ ẹyin, òmíì máa ń gbààwẹ̀ gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè nítorí Shiva, ọ̀kan lára àwọn òrìṣà wọn. Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé títí. Ẹ ní, "Ìyá, èèwọ̀ ilé wa ni, ohun tó bá ti dé iwájú òrìṣà a kì í jẹ ẹ́, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ bá sè fún ara yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bù ú fún wa." Ó ti tán. Ohun tó máa dùn wọ́n ni kẹ́ ẹ gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín kí wọ́n wá rí i nínú ìdọ̀tí. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa, ẹni tó ń kó ìdọ̀tí ló sọ fún aládùúgbò wa, ó tó oṣù méjì ká tó tún jọ kíra dáadáa, ó sì dùn mí títí dòní.

Ìyá Ìbejì:
Bọ̀dá mi, èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ ṣá o. 1 Kọ́ríńtì 8 ẹsẹ 4 ní òrìṣà ò jẹ́ nǹkan kan, Ọlọ́run kan ló wà, mo máa ń gbàdúrà sí i ni, màá jẹ ẹ́, màá sì dúpẹ́. Àmọ́ mo ti jáwọ́ báyìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní ìjọ wa ló jẹ́ kí n jáwọ́. Ilé Híńdù ló ti wá, ó rí mi níbi tí mo ti ń jẹ ẹ́, omi lé ròrò sójú ẹ̀, ó ní Àǹtí, nítorí èyí tẹ́ ẹ ń jẹ yìí ni bàbá òun ò fi bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tóun ti kọ̀ ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbé abọ́ kalẹ̀. Torí náà kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn tiyín nìkan lẹ máa wò o.

Ọmọ Alàgbà:
Dáníẹ́lì ò jẹ oúnjẹ ọba, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má sì san kọ́bọ̀ nínú owó òrìṣà yẹn, ẹ sọ fún wọn gbangba pé ẹ ò sí níbẹ̀.

Sístà Nọ́ọ̀sì:
Bọ̀dá wa, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ tún Dáníẹ́lì orí 1 kà. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀bẹ̀ ni, ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ 10 dán àwọn wò.

Ìyá Ọlọ́mọmẹ́ta, Pune lèmi náà wà, ọdún kẹfà rèé. Owó yẹn, vargani ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi ká wọn lára. Tẹ́lẹ̀, nínú ilé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bọ Ganpati, Pune yìí ni Lokmanya Tilak, ọ̀kan lára àwọn tó jà fún òmìnira Íńdíà, wà tó fi sọ ọ́ di ọdún gbogbo ìlú ní 1893, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn èèyàn lè ríbi kóra jọ. Torí náà lójú wọn ọdún àdúgbò ni, ẹni tí ò bá dá sí i ti ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀ nìyẹn. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo lọ bá akọ̀wé ilé wa fúnra mi, mo mú ọkọ mi dání, mo ní a ò lè dáwó sí ère àti ìbọ ẹ̀, àmọ́ a fẹ́ ra ẹ̀bùn fáwọn ọmọ tó máa sáré ìje, ká sì ra omi fáwọn tó ń lùlù. Ó ronú díẹ̀, ó kọ ọ́ sí rìsíìtì ọ̀tọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìje àwọn ọmọ ló gbé wá, kò mú ti ìbọ wá rárá.

Ẹ múra sílẹ̀ o, ọjọ́ 10 gbáko ni, ìlù dhol yẹn á máa mi wíńdò yín. Lọ́jọ́ ìkẹyìn tí wọ́n bá ń gbé àwọn ère lọ sínú omi, ìwọ́de Pune máa ń kọjá wákàtí 24, Laxmi Road àti àyíká ẹ̀ á dí pa, ẹ ti ra oúnjẹ àti oògùn àwọn ọmọ sílẹ̀.

Ti ẹja, ẹ lọ ka àdéhùn ilé yín dáadáa, àwọn onílé kan máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò gba ẹni tó ń se ẹran. Tí kò bá sí níbẹ̀, ilé yín ni, àmọ́ ẹ ti ilẹ̀kùn iwájú, ẹ ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, ẹ sè é lọ́sàn-án táwọn èèyàn ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹran màlúù, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí òfin ìpínlẹ̀ Maharashtra ti ka pípa abo màlúù léèwọ̀, láti 2015 wọ́n ti fi akọ náà kún un. Èyí tí wọ́n ń pè ní mutton lọ́jà, ẹran ewúrẹ́ ni, ó bá ọbẹ̀ wa mu gan-an.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan fún Aaji, ẹ wo ara páálí ẹ̀, ẹ máa rí igun mẹ́rin kékeré kan: tí àmì inú ẹ̀ bá jẹ́ róbótó aláwọ̀ ewé, kò sí ẹran, ẹja tàbí ẹyin níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pupa tàbí búráùn, ẹ má gbé e débẹ̀. Kéèkì Kérésì náà, ẹ bi àwọn béèkìrì, wọ́n máa ń ṣe èyí tí ò lẹ́yin. Abọ́ wọn tó wà lọ́dọ̀ yín yẹn sì ńkọ́? Ẹ má dá a padà lófìfo o, wọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí.

Bàbá Olùkọ́:
Ẹ̀tù pupa iwájú orí, ohun tí wọ́n fi ń ṣe é yàtọ̀ síra. Nígbà míì ó jẹ́ ara ìbọ, nígbà míì àlejò ni wọ́n fi ń kí, tàbí ọmọ tó gba ẹ̀bùn. Ẹ lọ rí tíṣà náà lójúkojú, ẹ bi í èwo ni tòun, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ ò fẹ́ èyí tó bá jẹ́ ti ìbọ. Kí ọmọ má fara gbá a: ẹ má nù ún lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bíi pé ìdọ̀tí ni.

Àwọn ọmọ tiyín gan-an ní nǹkan tó máa rọrùn fún wọn níbẹ̀ tí ò rọrùn fún ọmọ òyìnbó. Ẹ ti kọ́ wọn láti kúnlẹ̀ àti láti dọ̀bálẹ̀ fágbà, láti fọwọ́ ọ̀tún gba nǹkan, láti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tí ilé bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ibẹ̀ náà máa ń tẹ̀ ba láti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà. Namaste tí wọ́n fi ń kíni, tó ń da àwọn kan láàmú, ìtumọ̀ ẹ̀ ní Sanskrit ò ju "mo tẹrí ba fún ọ" lọ, àwọn Kristẹni ibẹ̀ náà ń lò ó. Ẹ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má fẹsẹ̀ kan ìwé, kí wọ́n má sì dá a kọjá, ìyẹn máa ń dùn wọ́n.

Àmọ́ ìmọ̀ràn mi tó jù nìyí: àwa ará ilé nìkan kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bi. Àwọn Kristẹni ọmọ Marathi wà ní Pune yẹn, àwọn tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn ṣì ń ṣe Híńdù, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lọ jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Panch Haud láàárín ìlú, Marathi ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Pandita Ramabai, ọmọ Bírámínì, ìyẹn ìran àwọn àlùfáà Híńdù, tó di Kristẹni, tó tú Bíbélì sí Marathi, tó kú ní 1922, Kedgaon tí kò jìnnà sí Pune ló kọ́ ibùdó ẹ̀ sí fáwọn opó àtàwọn ọmọ òrukàn, kò sì jẹ ẹran títí tó fi kú. Ẹ̀yà ẹ̀ ò mú kó sẹ́ Jésù, Jésù ò sì mú kó kẹ́gàn ẹ̀yà ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún kiní kan: fíìsà iṣẹ́ kì í ṣe fíìsà míṣọ́nnárì. Ẹni tó bá bi yín nípa ìgbàgbọ́ yín, ẹ dá a lóhùn, àmọ́ ẹ má máa pín ìwé ìléwọ́ kiri.

Ìyá Ọlọ́mọmẹ́ta:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti lọ o. Mo bu mọ́sà kún abọ́ Aaji, mo mú ọmọ mi àgbà dání torí ó ti ń gbọ́ Marathi díẹ̀, àyà mi ń já. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bí Bọ̀dá Bengaluru ṣe kọ́ mi. Wọn ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n fà mí lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná, wọ́n na ọwọ́ sí abọ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ, wọ́n ní èyí, rárá. Wọ́n ṣí ìkòkò tó wà lórí iná, ẹ̀wà ni, wọ́n ní èyí ńkọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Ìyá. Wọ́n bù ú fún mi níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ lójú wọn.

Wọ́n wá ní àwọn náà ní tiwọn: ọjọ́ ààwẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Ekadashi, tó máa ń bọ́ sí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, àwọn kì í jẹ ìrẹsì, kí n má gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wá lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi ti kọ gbogbo ọjọ́ yẹn sára kàlẹ́ńdà. Alẹ́ òní ni bàbá wọn ń lọ bá àwọn tó ń gba owó Ganpati, ọ̀rọ̀ ìje àwọn ọmọ yẹn ló máa bá wọn sọ, mo ń bọ̀ wá ròyìn.